Ọ̀rọ̀ dókítà inú fíìmù ilé ìwòsàn: ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀

Ìyá Àdùkẹ́, Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fíìmù alátẹ̀lé tó ń fi ilé ìwòsàn hàn ni àwọn ọmọ gbájú mọ́ ní gbogbo ìsinmi yìí, ti Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. "Stat!" "Code blue!" "Push one of epi!" "Get me a CBC and chem seven!" Ká tó mọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ti gbé aláìsàn sáré wọ yàrá mìíràn. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀ láàárín wa láti Àbújá títí dé Kánò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa: kí ni wọ́n ń ṣe fún aláìsàn nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, èwo la máa gbọ́ ní ilé ìwòsàn tiwa, èwo ló sì jẹ́ pé fíìmù nìkan ló ní in?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lugbe
Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Àdùkẹ́. Ìlànà àwọn ará Britain ni iṣẹ́ ìṣègùn tiwa bá dàgbà, ìdí nìyẹn tí nǹkan kan náà fi ń jẹ́ orúkọ méjì. "ER" wọn ni "Casualty" tàbí "A and E" tiwa, ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì. "OR" ni "theatre", yàrá iṣẹ́ abẹ. "Intern" ni "house officer", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tó ń fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. "Resident", dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ láti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀ka kan, wà níbí náà, ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀dù ẹ óò máa gbọ́ "registrar" àti "senior registrar". "Attending" ni "consultant", ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ ìkẹyìn lórí aláìsàn wà. Tí ẹ bá dé Gwagwalada tàbí Wuse, "Consultant wo ló ni aláìsàn yìí?" ni kí ẹ bèèrè.

"EKG" ni ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. "Epi" ni adrenaline. "Tylenol" ni paracetamol.

"Stat" wá láti inú Látìn, "statim", ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Níbí, inú ìwé oògùn lẹ ti máa rí i ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu lọ. Tí wọ́n bá kọ "paracetamol 1 g stat", ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí wọ́n lò ó báyìí. Kò sọ ohunkóhun nípa ti ọ̀la. Ẹni tó bá rò pé kí òun máa lò ó lọ ti ṣì í kà. "Bd" ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, "tds" ẹ̀ẹ̀mẹta, "qds" ẹ̀ẹ̀mẹrin. Fíìmù Amẹ́ríkà á ní "BID, TID, QID", ohun kan náà ni. "Nocte" ni alẹ́. "PRN" ni ìgbà tí ara bá ń béèrè fún un, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi wọ́n ní wákàtí mélòó ló yẹ kó wà láàárín ìlò kan sí èkejì. Ti paracetamol fún àgbàlagbà, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ kọjá 4 g láàárín wákàtí 24.

Dókítà Pàjáwìrì, Gwagwalada
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọkàn, torí ibẹ̀ ni fíìmù ti ń ṣi èèyàn lọ́nà jù.

"Code blue" ni pé ọkàn ẹnìkan ti dáṣẹ́ dúró, tàbí pé kò mí mọ́, kí ikọ̀ pàjáwìrì sáré wá. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọ̀rọ̀ ìpè tirẹ̀, ẹ lè má gbọ́ ọ níbí láéláé. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e nínú fíìmù ni pé ìlà ojú ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ ń ké píìì, dókítà gbé irin méjì, ó pariwo "Clear!", aláìsàn fò sókè lórí ibùsùn, ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, "asystole", kì í ṣe ohun tí à ń fi iná wò. Iná ẹ̀rọ yẹn kì í ta ọkàn tó ti dákẹ́ jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa iná rúdurùdu tó ń jà nínú ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ibi tó ń darí lílù ọkàn lè gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Tí kò bá sí rúdurùdu, kò sí ohun tó máa pa.

Rúdurùdu tí à ń fi iná sí jẹ́ méjì. "V-fib" ni pé ọkàn kàn ń gbọ̀n, kò tú ẹ̀jẹ̀ kankan jáde. "V-tach" tí kò ní ìlù iṣan lọ́rùn ni pé ọkàn ń sáré débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kún inú rẹ̀ kó tó tún fún un. Ẹ̀rọ òde òní á yọ iná láti 120 dé 200 joule, ti àtijọ́ á yọ 360. Ara aláìsàn á kàn ta gìdì díẹ̀, kì í fò. Fífi irin méjì ra ara wọn tí wọ́n máa ń ṣe nínú fíìmù kò dára fún irin náà, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ti pa irin tì, bébà tó ń lẹ̀ mọ́ àyà ni wọ́n ń lò. "Clear" ni pé kí gbogbo ọwọ́ kúrò lára aláìsàn àti lára ibùsùn, kí wọ́n sì gbé ọ́síjìn tó ń fẹ́ jìnnà tó mítà kan, torí iná lè ràn níbẹ̀.

Fún ìlà tó tẹ́, àyà títẹ̀ ni, pẹ̀lú adrenaline 1 mg sínú iṣan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún síra. "Push one of epi" nìyẹn: 1 mg, kí wọ́n tì í wọlé kíákíá, kí wọ́n sì fi omi iyọ̀ 20 ml lé e kó má dúró sápá. Bí ọwọ́ kan ṣe ń tẹ̀, ọpọlọ á máa wá ìdí: ṣé atẹ́gùn ló wọ́n, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dànù, ṣé potassium ló ga tàbí tó wálẹ̀ jù, ṣé afẹ́fẹ́ ló há sínú àyà?

Àyà títẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má kọ́ ọ lọ́dọ̀ òṣèré. Ìgbọ̀nwọ́ wọn ń tẹ̀ torí wọn ò lè tẹ àyà èèyàn tó wà láàyè tọkàntọkàn. Ti gidi: ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, àtẹ́lẹwọ́ sí ìdajì ìsàlẹ̀ egungun àárín àyà, apá nà gbọnrangandan, kó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àyà padà sókè pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò jẹ́ kó padà ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà tó yẹ kó gbà kún ọkàn. Ọgbọ̀n ìtẹ̀, èémí méjì. Kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, torí agbára á ti máa rẹlẹ̀ kí ẹni tó ń tẹ̀ tó mọ̀ pé ó rẹ òun. Egungun ìhà lè dá. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìwádìí kan tí New England Journal of Medicine tẹ̀ jáde ní 1996 ka ìgbà 60 tí wọ́n ṣe irú èyí nínú ètò tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló jí níbẹ̀. Nínú ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà gan-an, lóde òní pàápàá, nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹnìkan ni wọ́n ń dá padà sílé. Ìdílé tó ti fi fíìmù kọ́ ara rẹ̀ máa ń rò pé àwọn dókítà ò ṣe tó, ó sì ń dùn mí gan-an.

Àbúrò Nyanya
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. "Eighty over palp" ńkọ́? Àti "sats are dropping", àti "GCS of three"? Mo rò pé òdo ni èyí tó kéré jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lugbe
Àbúrò, ìfúnpá ni "eighty over palp". Nọ́mbà òkè jẹ́ 80, ìka ni wọ́n fi gbọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tú kúrò nínú báńdì. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ kò sí torí etí nìkan ló lè gbọ́ ìyẹn, ariwo sì pọ̀ jù níbẹ̀, tàbí kí ìlù iṣan ti fúyẹ́ jù. Tí ti òkè bá ti wà lábẹ́ 90 lára àgbàlagbà, a ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ nìyẹn, tàbí àrùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

"Sats" ni ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ìka ń kà. Ó yẹ kó wà láàárín 94 sí 98. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ìka kọjá, nítorí náà làálì dúdú tí wọ́n fi ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ lè dí i, àwọ̀ èékánná náà lè ṣe é, ọwọ́ tó tutù ní àkókò ọyẹ́ náà lè ṣe é. Ẹ wá ìka tí kò ní nǹkan lórí, tàbí etí. Ẹ tún mọ̀ pé lára aláwọ̀ dúdú ó lè ka iye tó ga ju bó ṣe wà gan-an lọ, torí náà tí ó bá ní 93 tí aláìsàn sì ń mí gúlegúle, mímí rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

GCS, tí wọ́n fi ń wọn bí ojú aláìsàn ṣe là sí àti bó ṣe ń dáhùn, kì í dé òdo. Graham Teasdale àti Bryan Jennett ló gbé e jáde ní Glasgow ní 1974. Ojú ní mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ní márùn-ún, ìṣípòpadà ara ní mẹ́fà. Ẹni tí kò ṣe ohunkóhun rárá á gba ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́ta. Tó bá ti di mẹ́jọ wálẹ̀, ẹni náà lè má lè dáàbò bo ọ̀nà èémí rẹ̀ mọ́, itọ́ àti èébì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí wọ́n fi ń pariwo "intubate" nìyẹn.

Yàrá Iṣẹ́ Abẹ, Kánò
Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà ni wọ́n ń gba ẹnu kì bọ inú ọ̀nà èémí, àárín okùn ohùn méjèèjì ló ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọ̀pá wà lọ́fun rẹ̀ kò fi lè sọ̀rọ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ là, tí wọ́n bá sì yọ ọ́, ohùn rẹ̀ á há fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin ń gba nọ́mbà 7 tàbí 7.5, ọkùnrin 8 tàbí 8.5. Níbi eyín, ó máa ń wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 21 fún obìnrin, 23 fún ọkùnrin.

Ohun méjì ló sábà ń bàjẹ́. Ó lè bọ́ sí ọ̀nà oúnjẹ: ikùn á máa wú, àyà kò ní gòkè, ọ́síjìn á sì máa wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Tàbí kó wọlé jù, kó gba ẹ̀ka ọ̀tún lọ torí ọ̀tún tọ́ ju òsì lọ. Ẹ̀dọ̀fóró òsì á dákẹ́. Wọ́n á fà á padà díẹ̀, wọ́n á tún fetí sí àyà méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń ka káábọ́ọ̀nù tó ń bá èémí jáde ló dájú jù láti mọ̀ pé ibi tó yẹ ló wà.

"NPO" nínú fíìmù ni "nil by mouth" tiwa: kó má jẹ kó má mu. Oúnjẹ gidi, wákàtí mẹ́fà kó tó di iṣẹ́ abẹ; omi lásán, wákàtí méjì. Kì í ṣe ìyà. Oògùn oorun ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun dẹ̀, èébì sì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí àǹtí kan bá ti fún aláìsàn ní kókó díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Wọ́n á kàn sún iṣẹ́ náà síwájú ni.

Bàbá Láàbù, Kàdúná
"CBC" ni "FBC" tiwa, kíka àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Ìgò olómorí àlùkò ló ń lọ. Èyí tí wọ́n ń ṣe jù níbí ni PCV, ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta pín in, ẹ ti ní hemoglobin tí wọ́n ń dárúkọ nínú fíìmù. PCV 30 jẹ́ bíi 10.

"Chem seven" ni àyẹ̀wò nǹkan méje inú ẹ̀jẹ̀: sodium, potassium, chloride, bicarbonate, urea, creatinine àti ṣúgà. Níbí, "E/U/Cr" la ń kọ, ṣúgà á sì wá lọ́tọ̀ nínú ìgò olómorí eérú, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ ṣúgà náà nìṣó nínú ìgò lásán títí á fi kéré ju bó ṣe wà lọ. Potassium ló ń fa wàhálà jù. Tí wọ́n bá so apá pẹ́ jù, tí wọ́n fi ipá fa ẹ̀jẹ̀ tàbí gbọn ìgò jìgìjìgì, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, potassium inú rẹ̀ á tú jáde, èsì á sì ga láìjẹ́ òótọ́. Tí wọ́n bá da díẹ̀ láti inú ìgò àlùkò sínú èkejì kó lè kún, ohun kan náà ni, torí potassium wà nínú oògùn ìgò àlùkò yẹn. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà, ẹ má bínú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n ṣúgà. Amẹ́ríkà ń ka mg/dL, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa ń ka mmol/L. Ẹ fi 18 pín tiwọn: 126 jẹ́ 7. "Sugar is forty" nínú fíìmù jẹ́ 2.2, ẹni náà fẹ́ dákú nìyẹn.

"Type and cross" ni "grouping and crossmatching", wíwò irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti bóyá èyí tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára bá a mu. Ó tó bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí ẹ tó fi àyẹ̀wò HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, pẹ̀lú syphilis kún un. "Two units of O neg" tí wọ́n ń pariwo ni ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò ní àkókò láti bá mu. Kò wọ́pọ̀ láàárín wa, torí náà ẹ̀yin tó bá jẹ́ O negative, ẹ jẹ́ kí ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ tó sún mọ́ yín mọ̀. Ẹyọ kan máa ń gbé PCV àgbàlagbà sókè ní bíi mẹ́ta.

Dókítà Ọmọdé, Zaria
Èyí tó yẹ kí gbogbo òbí ní apá ibi yìí mọ̀ dáadáa ni "LP", fífi abẹ́rẹ́ gba omi ẹ̀yìn, tí fíìmù Amẹ́ríkà ń pè ní "spinal tap". Àríwá Nàìjíríà wà nínú ìgbànú ilẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn ti ń jà, láti Senegal dé Ethiopia, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń le jù, láàárín December sí June. Sankarau ni àwọn Hausa ń pè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọrùn rẹ̀ gan, tí ìmọ́lẹ̀ ń ni lójú, tàbí tí gìrì mú, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba omi ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni òbí ti ń kọ̀, torí wọ́n ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di arọ tàbí pé òun ló ń pa á.

Ẹ wo bó ṣe rí. Okùn ọpọlọ tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá parí síbi egungun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì lára àgbàlagbà, ti ìkókó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Àárín ìkẹta àti ìkẹrin, tàbí ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, nísàlẹ̀ ibi tí okùn náà ti parí. Omi ló wà níbẹ̀, àti àwọn fọ́nrán iṣan tó ń léfòó tó sì ń yẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Dókítà á fi ọwọ́ wá orí egungun ìdí lọ́tùn-ún lósì. Ìlà tó so méjèèjì pọ̀ ń gba ibi egungun kẹrin kọjá. Ọmọ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, eékún sí ikùn, àgbọ̀n sí àyà, nọ́ọ̀sì á dì í mú. Dídì í mú yẹn ni ìdajì iṣẹ́, torí ọmọ tó bá jà ni abẹ́rẹ́ ń tàsé lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ omi náà. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ ká ìkókó jù, kò ní lè mí.

Ìwọ̀nba ẹ̀kán omi ni wọ́n ń gbà sínú ìgò bíi mẹ́ta. Omi yẹn lára àgbàlagbà tó 150 ml, ara sì ń ṣe bíi 500 ml tuntun lójúmọ́, nítorí náà ohun tí wọ́n gbà á padà kó tó di ọ̀la. Tó bá mọ́ gaara, ó dára díẹ̀. Tó bá rí bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, wọn ò ní dúró de láàbù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Orí lè fọ́ ẹni náà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ìgbà wà tí dókítà fúnra rẹ̀ kì í ṣe é: tí gìrì ṣì ń mú ọmọ lọ́wọ́, tí ẹyinjú méjèèjì kò bá dọ́gba, tí egbò bá wà lójú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Nígbà náà wọ́n á fún un ní ceftriaxone, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wọ́n á sì sún LP síwájú. Oògùn ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Ọmọ tó kú lẹ́yìn LP, àrùn tí wọ́n gbé pẹ́ nílé ló sábà máa ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò yín, tilé tọ̀nà.

Apòògùn, Gwarinpa
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti "one of epi", torí ó léwu. 1 mg sínú iṣan, ọkàn tó ti dáṣẹ́ dúró ló wà fún. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí abẹ́rẹ́ penicillin bá bá jà, tí ojú rẹ̀ wú tí kò lè mí dáadáa, ìdajì mílígíráàmù ni, nínú ẹran ìta itan, fún àgbàlagbà. Ìgò kan náà ni wọ́n ń fà á láti inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti 1 mg sínú iṣan ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, ó lè sọ ọkàn náà sí v-fib.

Potassium chloride náà, tí ọ̀daràn inú fíìmù fi ń pa èèyàn, òótọ́ ni tirẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n ń tì í wọlé láìpò ó. Inú omi ńlá ni wọ́n ń pò ó sí, ní wọ́ọ̀dù lásán kò sì yẹ kó yára ju 10 mmol ní wákàtí kan. "Cc" nínú fíìmù ni ml.

Ìyá Àdùkẹ́, Kubwa
Ọlọ́run á san án fún yín o. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ. Ẹyọ kan ló kù: "Temp is a hundred and four." Ṣé ẹni náà ṣì wà láàyè ni?

Àbúrò Nyanya
Mọ̀mí, ìyẹn mo mọ̀! Fahrenheit ni. Ẹ yọ 32, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 9 pín in. 104 jẹ́ 40.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lugbe
Ó gbà á. Lórí tẹmómítà tiwa, tó bá ti dé 38, ibà ni. Tó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ló ní 38, ẹ má fún un ní oògùn kankan nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.